Bàbá Ìyàwó Wa, Ará Ìlú Ènìyàn Mẹ́tàlá

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Jẹ́dà, bàbá ìyàwó àbúrò mi wá kí wa láti Ọsirélíà. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé nílé mi. Kó tó dé, mi ò ka ọmọ rẹ̀ sí. Nígbà tó dé, mi ò ka òun náà sí. Nígbà tó fi máa lọ, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ló wá kéré jù lójú mi nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí obìnrin Òyìnbó ṣe di ìyàwó wa. Màmá wa ti wá ṣe Hájì ní Mẹ́kà láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, kò sì padà sílé mọ́. Ó gba yàrá méjì lórí òkè An-Nakkasah, níbi tí ilé ti gun ara wọn léjìká, ó ń rán aṣọ fún àwọn àlàájà. Àbúrò mi, ọkùnrin kan ṣoṣo tó bí, lọ kàwé nípa ilẹ̀ àti iyanrìn ní yunifásítì kan ní Ọsirélíà. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin yìí, níbi tó ti ń to ìwé ní láíbìrì. Ọmọbìnrin náà gba ẹ̀sìn, wọ́n so yìgì, àbúrò mi sì ríṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ fún un nílé. Ó kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè fi Màmá sílẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní dókítà, tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ìyá rẹ̀ ṣì ń bu ọbẹ̀ sí abọ́ fún un, ó ń bi í bóyá ẹran kan tó. Ó kó ìyàwó rẹ̀ wọ yàrá kejì. Aṣọ ìkélé ló dá ẹnu ọ̀nà wọn mọ́ ibi tí Màmá gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí.

Ìyàwó náà ga, ó gbẹ, ó sì dákẹ́. Bí mo bá lọ sí Mẹ́kà tí mo kí i, á kàn mi orí bí alángbá. Ní àdúgbò tí wọ́n ti ń na ọwọ́ gba iyọ̀ lójú fèrèsé lọ́wọ́ ara wọn, òun ló ń ti fèrèsé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á gun orí òrùlé lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi, òun nìkan. Àwọn ará ilé ní orí rẹ̀ ti dàrú. Màmá ní ó ń sá fún èèyàn. Mo bi í lọ́jọ́ kan.

"Kí lo máa ń wá lọ sórí òrùlé?"

"Àlàájà, èèyàn pọ̀ jù níbí. Mo fẹ́ máa gbọ́ ohun tí mò ń rò."

Mo pòṣé. Ọdún méjì ló ti wà nílé ọkọ, kò rí oyún ní, kò mọ ọbẹ̀ sè, kò mọ èèyàn kí. Kí ló wà níbẹ̀ tó ń rò?

Àbúrò mi ló pè mí lórí fóònù pé bàbá ìyàwó òun ń bọ̀. Ó ti bá a gba ìwé àṣẹ ìbẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í ṣe Mùsùlùmí, kò sì lè wọ Mẹ́kà. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò wọ̀ sí ní Al-Nuzlah, àdúgbò wa ní Jẹ́dà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni."

"Ta ni yóò máa se oúnjẹ fún un? Agbẹ̀bí ni mí, mi kì í ṣe olóúnjẹ."

"Kì í jẹ púpọ̀."

"Ṣé ìdílé tí wọn kì í sọ̀rọ̀, tí wọn kì í jẹun nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín ẹlẹ́bi, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré bó bá ti fọ́ nǹkan. Mo gbà.

Ọkọ mi ló lọ gbé bàbá náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wọlé tòun ti fìlà etí gbooro. Kò gbé ju báàgì kan dání, irú èyí tí àwa fi ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ síbi iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń gba imú jáde, ó ń gbé ọ̀rọ̀ mì kó tó parí rẹ̀. Ó pè mí ní Mísíìsì. Mo gbé omi fún un, ó mu ún tán, ó ní:

"Mísíìsì, èèyàn mélòó ló ń gbé nínú ilé yìí?"

Mo rò pé ó fẹ́ mọ iye ọmọ mi. Ó ní rárá, gbogbo ilé alájà márùn-ún náà ni òun ń bi. Mo ro ó sókè sódò. Àwọn ará Súdáànì wà nísàlẹ̀, ará Íjíbítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwa Nàìjíríà ní àjà mẹ́ta, àti àwọn awakọ̀ ará Pakísítánì tí wọ́n há ara wọn mọ́ yàrá kan. Mo ní a ó tó ọgọ́ta.

Ó súfèé. "Ìlú wa, mẹ́tàlá ni wá."

"Ìdílé mẹ́tàlá?"

"Ènìyàn mẹ́tàlá."

Mo wo ọkọ mi. Ọkọ mi wo ilẹ̀ kó má baà rẹ́rìn-ín. Mo ti gbẹ̀bí ju èèyàn mẹ́tàlá lọ láàárín ọjọ́ méjì, ní yàrá kan ṣoṣo. Ohun tí àgbà Òyìnbó yìí ń pè ní ìlú, ẹni tó ń lọ sí oko ìyá mi á gbà á kọjá láìmọ̀ pé òun kọjá ibì kan.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó mú fọ́tò kan jáde fún mi. Ó ní òpópónà ìlú wọn nìyẹn. Ilẹ̀ pupa ni, ọ̀nà gbooro bí odò, ilé páànù mẹ́rin tàbí márùn-ún, òpó iná, àti ọ̀run. Ọ̀run ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ẹyọ èèyàn kan.

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn mi ni wọ́n wà. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò bí mo ṣe ń ya fọ́tò."

"Gbogbo wọn?"

"Àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ yẹn."

Mo dá fọ́tò padà fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbéra ga pẹ̀lú ìlú rẹ̀, ó yẹ kó kọ́kọ́ wá ènìyàn kan tí yóò dúró síbẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ènìyàn laṣọ. Ìhòòhò ni ìlú tiwọn.

Kò tán síbẹ̀. Ó tún fún mi ní ìwé kan tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n ṣẹ́ po sí mẹ́ta. Ó ní ẹnì kan ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn ló kọ ọ́ nípa ìlú náà, òun sì rò pé ó yẹ kí àwọn àna òun mọ ibi tí ọmọ òun ti wá. Mo jókòó, mo kà á, nítorí ìwà àna ni. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni ń kọ nípa ìlú ńlá. Wọ́n ní ibùdókọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin kì í sì í dúró mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ wà, wọ́n ti tì í nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ku mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń gbọ́ tíṣà lórí rédíò. Ilé ìtajà wà, èyí tó jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ra pẹtiróòlù, tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, tí wọ́n sì ti ń mu bíà, ẹnì kan náà ló sì ń ta gbogbo rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú wà, wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí àwọn ọmọ ìlú tó kú sógun. Itẹ́ òkú wà. Mo bi í pé ta ló pọ̀ jù, alààyè àbí òkú.

"Òkú," ló dá mi lóhùn. Ojú kò tì í. "Wọ́n fi púpọ̀ jù wá lọ."

Ní alẹ́ Ọjọ́rú àwọn ará wa wá wò ó, torí ìròyìn ti tàn ká Al-Nuzlah dé Al-Karantina pé Òyìnbó arúgbó kan wà lọ́dọ̀ mi tó wá láti ìlú ènìyàn mẹ́tàlá. Wọ́n bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kún pálọ̀. Àwọn ọmọ mi ń fi Lárúbáwá ṣe àwàdà nípa rẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo sì lé wọn, ṣùgbọ́n èrò ọkàn mi náà ni wọ́n ń sọ. Dókítà ará Ìbàdàn kan tó ń gbé lókè wa bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bo arúgbó náà.

"Bàbá, tí èèyàn bá ṣàìsàn níbẹ̀ ńkọ́?"

"A ó pè lórí rédíò. Ọkọ̀ òfuurufú dókítà á dé."

"Níbo ni yóò balẹ̀ sí?"

"Lórí pápá. A ó kọ́kọ́ lé àgùntàn kúrò."

Ẹ̀rín bú nílé. Dókítà ń fi ọwọ́ gbá itan. "Tí àgùntàn bá kọ̀ ńkọ́?" Òyìnbó náà ronú, ó dá a lóhùn bí ẹni ń jẹ́jọ́ nílé ẹjọ́ pé àgùntàn kì í kọ̀, tí ajá bá dára. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Kò bínú. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, tàbí ó mọ̀, tí kò kàn án. Títí di òní mi ò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì. Ọdún kẹrin nìyẹn, ó ní, tí òjò gidi ti rọ̀ kẹ́yìn lọ́dọ̀ wọn. Omi kànga wọn níyọ̀. Eṣinṣin ń wọ ojú èèyàn bí ẹni wọlé àna. Àgùntàn rẹ̀ ju gbogbo ará ìlú lọ lọ́nà tí kò ṣeé kà, ilé tó sì sún mọ́ ọn jù, bí ó bá kírun... rárá, kì í kírun, èmi ni mo fi ìrun wọ̀n ọ́n: bí èèyàn bá kí súbúhì tó wọ mọ́tò, oòrùn á ti mú kó tó débẹ̀.

"Kí wá ló mú yín dúró?" ni mo bi í.

"Ibẹ̀ ni ilé wa wà, Mísíìsì."

Ìyẹn nìkan ni gbogbo àlàyé rẹ̀.

Kò jẹ́ kí n sinmi. Bí ọkọ̀ táńkà omi ṣe ń fa rọ́bà rẹ̀ sórí ilé lọ́sẹ̀ yẹn, ó ti tẹ̀ lé wọn lọ sókè. Ó wo táǹkì wa. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, ó tún bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ tó ń dá omi dúró, tó ti ń jò láti oṣù mẹ́fà ṣe, kò bi ẹnì kankan. Ọkọ mi, ẹnjiníà, tó ti ń ṣèlérí láti tún un ṣe, ń yìn ín káàkiri. Ó dùn mí. Àlejò tó dé tó ń tún ilé onílé ṣe, ohun tó ń sọ ni pé onílé ò tó.

Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi tó gbé ìyàwó rẹ̀ wá láti Mẹ́kà. Mo ti se ìrẹsì, mo ti dín adìyẹ, mo ti múra sílẹ̀ fún ẹkún, torí ọdún méjì kì í ṣe ọjọ́ méjì. Ìyàwó wọlé, ó bọ́ níkáàbù. Bàbá rẹ̀ dìde. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi yé: bàbá àti ọmọ bọ ara wọn lọ́wọ́, bí àwọn tó pàdé ní báńkì.

"O rí tẹ́ẹ́rẹ́," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà," ni ọmọ wí.

Wọ́n jókòó. Wọ́n jẹun. Wọ́n ń wo ìta lójú fèrèsé, níbi tí kò sí nǹkan tí wọ́n lè wò ju ògiri ilé kejì lọ. Àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ láti di àlàfo, ó ń sọ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó ń wo aago. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, ó ti ní kí ìyàwó wọ níkáàbù, pé Màmá ń retí àwọn. Bàbá sìn wọ́n dé ìsàlẹ̀, ó padà gòkè wá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn níta ẹnu ọ̀nà wa fún wákàtí kan.

Nígbà tó wọlé, ó bẹ ọkọ mi pé kó gbé òun dé ibi tí òun lè dé ní ọ̀nà Mẹ́kà.

A gbé e lọ lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn Jímọ̀, èmi lẹ́yìn mọ́tò. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ ibi tí pátákó ńlá wà, tó ní Mùsùlùmí nìkan ló lè máa lọ síwájú, kí àwọn yòókù yà sí ọ̀tún. Ọkọ mi yà sẹ́bàá ọ̀nà kí a tó débẹ̀. Arúgbó náà bọ́ sílẹ̀ sínú oòrùn. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ń wo pátákó, ó ń wo òkè dúdú tó wà níwájú. Mo sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ kí n lè sọ fún un pé ooru á pa á.

"Ó ṣì jìnnà tó?" ló bi mí.

"Kò tó ìdajì wákàtí."

"Kí ló máa ń rí lójú fèrèsé rẹ̀?"

"Fèrèsé ẹlòmíràn."

Ó mi orí, bí ọmọ rẹ̀ gan-an. Ó ní: "Àwa náà ní ọgbà lọ́dọ̀ wa. Wáyà ni. Ó gùn ju ọ̀nà yìí lọ fíìfíì. Wọ́n fà á kí ajá igbó má baà wọlé tọ àgùntàn."

Inú bí mi débi pé mo ṣílẹ̀kùn mọ́tò. "Ajá lẹ pè wá?"

"Rárá, Mísíìsì. Níbí, èmi ni ajá."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó burú tó kí ẹni tí o ń fojú tẹ́ńbẹ́lú fi ara rẹ̀ sí ipò tí o fẹ́ fi í sí. Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ kejì, ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ, àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀ tún wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, bí mo ṣe ń kó abọ́, bàbá náà la ẹnu.

"Ìyá rẹ ti kú."

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Abọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyàwó wa kò mira.

"Ìgbà wo?"

"Ìgbà tí a ń rẹ́ irun àgùntàn. Ó jókòó sídìí rédíò, kò dìde mọ́."

Oṣù mẹ́rin ṣáájú nìyẹn. Ọkùnrin yìí ti wà nílé mi fún ọjọ́ mọ́kànlá, ó ń mu tíì mi, ó ń tún táǹkì ṣe, ó gbé òkú ìyàwó rẹ̀ sáyà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọkọ mi pé òun ò kọ ọ́ sínú lẹ́tà torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ́tà, àti pé ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ẹnu òun nígbà tí wọ́n dìde láti lọ.

"Àwọn wo ló gbé e?" ni ọmọ bi í.

Ó kà wọ́n lórí ìka. Òun fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta pẹtiróòlù. Ọmọ ọkùnrin náà, tó ti ibi ìwakùsà dé. Àwọn méjì tí wọ́n wa mọ́tò láti ìdájí wá láti oko kejì. "Ó ku ẹnì kan. A dúró de ọkọ̀ lẹ́tà di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Awakọ̀ náà ló ṣìkẹfà."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀, mo ká ọwọ́ lé orí, mo ké. Ẹkún náà ò ṣeé dá dúró. Ìlú wo, ẹ̀yin èèyàn, ìlú wo ló ń dúró de ẹni tó ń gbé lẹ́tà kí wọ́n tó lè rí èèyàn mẹ́fà gbé pósí? Nílé wa, kí ẹ̀mí tó bọ́ tán, wọ́n á ti máa fa ara wọn láṣọ ya nítorí ẹni tí yóò gbé e. Àwọn méjèèjì ń wò mí bí ẹni pé ìyá tèmi ló kú. Ìyàwó wa ló dìde, tó wá fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Ẹ wo ìtìjú: ọlọ́fọ̀ ló ń rẹ aláìlófọ̀ lẹ́kún.

Ó padà jókòó. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Màá bá yín lọ."

Ó wo ọkọ rẹ̀. Àbúrò mi ní ká ṣe sùúrù, ká ṣì ṣe sùúrù. Ó tẹ̀ lé mi wọ kíṣìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní buwọ́ lu ìwé ìjáde rẹ̀."

Gbogbo wa tó gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ìkámà ọkọ, ìwé àṣẹ ìgbé ìlú rẹ̀, ni ìyàwó wà. Bí ọkọ kò bá buwọ́ lù ú, kò sí ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé e.

"Èé ṣe?"

"Tó bá lọ, kò ní padà."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mo ti dé ibẹ̀. Mo lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀ kí a tó so yìgì."

Kò sọ ọ́ fún mi rí. "Báwo ló ṣe rí?"

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Kí lo wá ń bẹ̀rù?"

Ó ń wo inú síǹkì. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, dókítà ilẹ̀ àti iyanrìn tó kó ọmọ ọlọ́mọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé ìyá rẹ̀, tó sì mọ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé ilẹ̀ gbígbẹ tí òjò kì í rọ̀ sí, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sàn ju ohun tí òun fún un lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni ojú tí mo fi ń wò ó ti yí padà.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí Mẹ́kà lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn An-Nakkasah tó gùn bí gbèsè, mo sì bá Màmá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ti mọ ohun tí mo bá wá.

"Má dá sí i," ló wí kí n tó jókòó. "Obìnrin tí kò bímọ, ó fẹ́ lọ sin ìyá tí wọ́n ti sin."

"Màmá, tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní Ọsirélíà, tí ẹ kú?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n kú níbi tí awakọ̀ lẹ́tà á ti gbé mi."

Àbúrò mi jókòó lórí tìmùtìmù, abọ́ ẹ̀wà níwájú rẹ̀. Ó ń jẹun lọ. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo gun orí òrùlé. Ìyàwó wa wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Gbogbo Mẹ́kà ń hó nísàlẹ̀: fèrè mọ́tò, ọmọdé, ẹni tó ń polówó, ẹ̀rọ amúlétutù. Òkè náà kún fún èèyàn débi pé mi ò rí ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ mo jókòó tì í.

"Tó o bá lọ, ṣé wàá padà?"

"Mi ò mọ̀, Àlàájà."

Ẹ wo òmùgọ̀ èèyàn. Ẹni tó ń tọrọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ onítúbú, irọ́ kékeré kan kò lè gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ibi tí ó ti wá nìyẹn. Níbi tí ènìyàn ò ti ju mẹ́tàlá lọ, ta ni wọ́n fẹ́ bá kọ́ irọ́?

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró ti àbúrò mi lórí.

"Buwọ́ lù ú."

"Ó ní òun máa padà?"

"Ó ní òun máa padà. Ó fi Kùránì búra."

Ilẹ̀ mímọ́ ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Màmá wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí òun ló bí mi. Àbúrò mi kò wo ojú mi. Ó gbà á gbọ́ nítorí pé ó rọrùn ju kó ronú lọ. Ó buwọ́ lù ú. Ó sáré gbé ìwé náà lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ àti sí ilé iṣẹ́ ìwé ìrìnnà, wọ́n sì ṣe é fún un ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ọkọ̀ òfuurufú wọn gbéra.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, bàbá náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní tí mo bá wá sí ìlú wọn, òun á wá pàdé mi ní ojú ọ̀nà ńlá, torí èèyàn lè ṣìnà. Mo dúpẹ́. Ìlú tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ, báwo lèèyàn ṣe ń ṣìnà níbẹ̀? Ìyàwó wa dì mọ́ mi fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi ka Fátíhà, ó sì lọ.

Kò padà. Ìwé ìjáde náà pé oṣù mẹ́fà, ó kú. Lẹ́tà kan ló kọ sí mi. Ó ní òjò ti rọ̀. Ó ní mẹ́tàlá ni wọ́n tún jẹ́ báyìí, torí òun ti gba ipò ìyá òun. Ìgbà yẹn ló yé mi pé bàbá rẹ̀ ṣì ń ka olóògbé mọ́ wọn nígbà tó wà nílé mi. Ó ní òun nìkan ló ń gbààwẹ̀ níbẹ̀, àti pé ìyàwó ẹni tó ń ta pẹtiróòlù, tí kò mọ ohun tí ààwẹ̀ jẹ́, máa ń wa mọ́tò wá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, á gbé oúnjẹ ka iwájú òun, á jókòó wo òun títí òun á fi jẹ ẹ́ tán, kò sì ní sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo tọ́jú lẹ́tà náà sábẹ́ àwọn aṣọ iṣẹ́ mi kí Màmá má baà rí i tó bá wá sí Jẹ́dà.

Èrò mi nípa ibẹ̀ kò yí padà. Ibi tí òkú ti pọ̀ ju alààyè lọ kì í ṣe ìlú. Igi kan kì í dá igbó ṣe, mẹ́tàlá náà kò lè ṣe é. Tí wọ́n bá fi góòlù tẹ́ ọ̀nà pupa yẹn, mi ò ní lọ.

Àbúrò mi kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó fẹ́ òmíràn láti ilé ní ọdún kejì, ọmọbìnrin aláriwo kan tí Màmá fúnra rẹ̀ yàn. Yàrá kejì yẹn náà ni wọ́n wà. Màmá ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé èmi ni mo tú ilé ọmọ ìyá mi ká, pé mo búra èké ní Mẹ́kà. Nígbà tó sọ ọ́ lójú mi ní ọjọ́ ọdún Iléyá, níwájú àwọn àlejò, mo ní kí ó bi ọmọ rẹ̀ ìdí tó fi gbà á gbọ́. Àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sí abọ́ ẹran, ó mú kan, ó ń jẹ ẹ́.